Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Kámẹ́rà

Ọláyíwọlá kọ́kọ́ rò pé ọmọ tuntun ni obìnrin náà gbé dání. Ó ń sáré bọ̀ láti ìsàlẹ̀ títì Ìkòtún nínú sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán lórí ọ̀dà tó ti gbóná, ó gbé nǹkan kan tí wọ́n fi táwẹ́lì wé mọ́ àyà, àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì ń yà fún un. Ìbòrí rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́yìn. Omi ń kán láti inú táwẹ́lì náà sára aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo aṣọ, kò wo ọkọ̀. Pátákó tó wà lókè ìsọ̀ Ọláyíwọlá ló tẹjú mọ́, ibẹ̀ ló sì forí lé.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Ọláyíwọlá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà rẹ̀, ó ti bọ́ kóòtù, ó sì ti ṣí ìsọ̀ tí òun àti Abdulganiyy jọ ń lò, nítorí pé ọjọ́ náà nìkan ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń ráyè gbé ohun tó bàjẹ́ wá. Fóònù ni Abdulganiyy ń tún ṣe. Iṣẹ́ Ọláyíwọlá ni kó máa wá ohun tó sọnù sínú kọ̀ǹpútà tó ti kú: iṣẹ́ àṣekágbá àwọn ọmọ yunifásítì, fọ́tò ìgbéyàwó, ìṣirò owó ilé-iṣẹ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa, ìyá rẹ̀ tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ sì ti bi í lórí fóònù pé ṣé ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà ló fẹ́ gbé níyàwó ni.

Obìnrin náà tú táwẹ́lì rẹ̀ sórí tábìlì. Háàdì ló wà níbẹ̀, àpótí dúdú pẹlẹbẹ tí kò tóbi ju Bíbélì kékeré lọ, irú èyí tí àwọn oníkámẹ́rà ń kó fídíò wọn pamọ́ sí. Ó rẹ gbingbin.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó," ló wí, kò tíì mí délẹ̀. "Inú omi la ti yọ ọ́."

Abdulganiyy sún mọ́ ọn, ó fín imú. "Àǹtí, lọ́fínńdà ló ń rùn lára rẹ̀ yìí o."

"Omi ìyàsímímọ́ ni," ni obìnrin náà dáhùn, ó sì wolẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyá àgbàlagbà kan ti wọlé, òun náà nínú sùtánà, òun náà láìwọ bàtà, ó ń mí hẹlẹ. Ìyá ọkọ obìnrin náà ni, Màmá Matilda ni wọ́n ń pè é. Tẹ́lẹ̀, Ìyá Stephen ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Stephen, ọkọ obìnrin náà, ti kú ni ẹnu ti ń wúwo fún àwọn ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni ohun tí àwọn méjèèjì jọ sọ. Háàdì náà ti kọ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ kan, kò tan iná mọ́. Ìyàwó ilé, Tolúwalọpẹ́, ní òun yóò wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Ara Màmá kò gbà á. Ó gbé háàdì sábẹ́ sùtánà lọ sí ìsìn, ó rọra tẹ̀ ẹ́ sínú abọ́ omi tí wọ́n ti gbàdúrà sí níwájú pẹpẹ, ó kúnlẹ̀ tì í, ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó jí i dìde. Nígbà tí Tolúwalọpẹ́ yóò fi rí wáyà tó fì lẹ́nu abọ́, wọ́n ti ń ṣe oore-ọ̀fẹ́.

"Omi yẹn ti wo ibà sàn lójú mi," ni Màmá wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò le. Ẹ̀rù ti ń bà á.

Ọláyíwọlá bi wọ́n ohun tó wà nínú háàdì náà. Tolúwalọpẹ́ ló dáhùn. Ó ní ọkọ òun ń fi kámẹ́rà jẹun, àti pé àìsàn ló mú un lọ nígbà tí ọmọ wọn, Ayọ̀, ṣì ń rákò. Bó bá dé láti òde iṣẹ́, kò mọ̀ ọ́n gbé kámẹ́rà kalẹ̀. Ó ń ya àwọn ará ilé kiri ni. Nítorí pé òun ló máa ń dì í mú, kò sí fídíò kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ wà. Ohùn rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, lẹ́yìn kámẹ́rà, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Fóònù tí wọ́n tún fi ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́ lápò òun lórí afárá Ìyànà Ìpájà.

"Fọ́tò rẹ̀, a ní," ó wí. "Ohùn rẹ̀ ni Ayọ̀ kò mọ̀. Èmi náà ti ń gbàgbé rẹ̀."

Ọláyíwọlá gbájú mọ́ iṣẹ́. Ó fi aṣọ gbígbẹ nu háàdì, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan iná sí i. Lẹ́yìn náà ló mú wáyà tó bá a wá, ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó jù ú sí i, ó sì tì í pa.

"Ọmọ mi," ni Màmá pè é, "ṣé èmi ni mo fi omi pa á?"

"Rárá, mà. Ó ti ń ṣàìsàn tipẹ́ kó tó dé inú omi."

Màmá mí kanlẹ̀, ó sì jáde lọ dúró lẹ́bàá títì. Tolúwalọpẹ́ tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ó padà wọlé bí ẹni tó gbàgbé táwẹ́lì.

"Wáyà ni, àbí?" ó bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo rí bí ẹ ṣe jù ú sínú dúrọ́ọ̀."

Ọláyíwọlá jẹ́wọ́ pé wáyà ni. Ó ti já nínú. Ká ní wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ni, ìṣẹ́jú kan kò ní pé tí háàdì yóò fi jí. Omi ló wá sọ àìsàn kékeré di ńlá.

"Ẹ má sọ fún un láéláé."

"N kò ní sọ."

Ó wò ó bí ẹni tó ń wo ilé tó ń wá tó sì ti rí, ó ní ẹ ṣeun, ó lọ. Àwọn ènìyàn rò pé ẹ̀bùn tàbí ọ̀rọ̀ dídùn ni ìfẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn, àṣírí kékeré tí ẹni méjì jọ fi bo àgbàlagbà kan láṣìírí ti tó.

Nígbà tí Ọláyíwọlá tú háàdì náà, ó rí i pé inú rẹ̀ gan-an, níbi tí fídíò wà, kò tíì mu omi. Pátákó tín-ín-rín tó wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tó ń gbé iná wọlé, ni omi òun lọ́fínńdà ti jẹ. Kò ṣeé tún ṣe. Àfi kó wá háàdì mìíràn tí wọ́n ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan náà, lọ́dún kan náà, kó yọ pátákó ìyẹn fún èyí. Wàhálà iṣẹ́ náà nìyẹn: èèyàn lè rí èyí tó jọ ọ́ bí ìmumu, kó má sì jẹ́ òun. Ó ń bẹ àwọn tó mọ̀ ní Ìkẹjà lọ́wẹ̀, ó sì ń dúró.

Ẹgbẹ́dá ni Tolúwalọpẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, ní ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò tí wọ́n sì ń ta awò ojú. Ìgàndó ló ń gbé pẹ̀lú Màmá àti Ayọ̀. Ìkòtún ló ti ń pààrọ̀ ọkọ̀ nírọ̀lẹ́, torí náà kò ṣòro fún un láti yà. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí láti béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Nígbà tó yá, ó ń jókòó lórí bẹ́ńṣì. Nígbà tó tún yá, Abdulganiyy bẹ̀rẹ̀ sí í rántí iṣẹ́ tó fẹ́ jẹ́ níta ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé.

Ọ̀rọ̀ kò wọ́n láàárín wọn. Tolúwalọpẹ́ sọ fún un nípa àwọn oníbàárà tí wọ́n ń ra awò nítorí kí wọ́n lè dà bí ọ̀gá. Ọláyíwọlá náà sọ nípa bàbá kan tó sunkún lórí kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ pé ayò orí kọ̀ǹpútà tó ti ń ta bọ̀ láti ọdún yìí wá ló ń sunkún lé. Tolúwalọpẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu, ló bá dákẹ́.

Lọ́jọ́ kan ló ń wò ó bó ṣe ń fún ojú pọ̀ lórí iṣẹ́. "Ojú yín ń bẹ̀ yín, ẹ ò gbọ́," ó wí. "Ẹ wá sí ìsọ̀ wa lọ́la."

Ọláyíwọlá lọ. Tolúwalọpẹ́ gbé e jókòó sórí àga, ó fi férémù irin wọ̀ ọ́, ó ń ki awò kan bọ̀ ọ́, ó ń yọ òmíràn, ó ń ní kó ka lẹ́tà orí ògiri. Ojú rẹ̀ kò jìnnà sí tirẹ̀. Ọláyíwọlá gbọ́ òórùn ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má mí sókè bẹ́ẹ̀, awò ń bu èéfín. Èwo ló mọ́lẹ̀ jù, àkọ́kọ́ ni àbí ìkejì?"

"Èyí tí mo fi ń rí yín ni."

"Mi ò bi yín nípa tèmi o. Lẹ́tà ni mo ní kí ẹ wò." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì yípadà síbi ògiri kó má baà rí i. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ti dẹ́kun àtimáa pe ara wọn bí àlejò. Ó di Wọlá, òun náà di Tolú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n rí ìbejì háàdì ní Ìkẹjà. Ọláyíwọlá fi òwúrọ̀ kan pààrọ̀ pátákó rẹ̀, ó so wáyà tuntun mọ́ ọn, ó di èémí mú. Iná kékeré náà tàn. Háàdì bẹ̀rẹ̀ sí í yí pẹ̀lẹ́, bí ológbò tó ń sùn. Kò fi ìdùnnú jáfara, ó yára da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ sórí òmíràn kó má baà tún kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí ẹyọ kan tó sọnù.

Iṣẹ́ náà ní òfin kan tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ Abdulganiyy: ẹni tó ń bá onílé kó ẹrù jáde nínú iná kì í tú àpótí wò. Èèyàn á ṣí ẹyọ fídíò kan. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, á pa á dé, á pe olóhun.

Ó ṣí ẹyọ kan. Tolúwalọpẹ́ ló jókòó sórí àpótí nínú àgbàlá, oyún ti yọ dáadáa, ó ń bẹ iṣu, ó sì ń kọ orin ìjọ lọ́nà tí olórin náà kò ní dá mọ̀. Ohùn kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn kámẹ́rà, ohùn ńlá tí kì í kánjú.

"Àwẹ̀ró, orin wo nìyẹn?"

"Tèmi ni. Bí kò bá dùn mọ́ ọ, di etí ẹ." Ó ju èèpo iṣu lu kámẹ́rà. Ẹ̀rín mú kámẹ́rà náà gbọ̀n.

Ọláyíwọlá yẹ kó pa á dé níbẹ̀. Kò pa á dé. Ó ṣí òmíràn. Ó rí Màmá tó ń bínú pé wọ́n ya òun láìwé gèlè, ó rí ìsọmọlórúkọ Ayọ̀, ó rí ìkórè ìjọ. Bí ilé kún fún èrò, kámẹ́rà á kí gbogbo wọn kọjá, á sì wá dúró lára Tolúwalọpẹ́, bó ń sọ̀rọ̀, bó ń hanrun lórí àga. Ó jẹ́ pé ojú ọkùnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ jù láyé ni Ọláyíwọlá fi ń wò ó. Ìfẹ́ rẹ̀ gbóná sí i, ẹ̀rù sì bà á. Òkú yìí kì í ṣe ẹni tí èèyàn lè bá du obìnrin.

Nígbà tí Tolúwalọpẹ́ yà nírọ̀lẹ́, tó béèrè, ẹnu Ọláyíwọlá kàn ṣí fúnra rẹ̀. "Ó kù díẹ̀," ó wí.

Ìdí rẹ̀ kò le láti mọ̀. Bó bá gba háàdì rẹ̀, kí ni yóò tún mú un wá sórí bẹ́ńṣì? Bó bá sì gbọ́ ohùn yẹn, àyè wo ló kù fún ohùn ẹlòmíràn? Ó fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀, kó tó wá gbé ọkọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò sì yọ lẹ́nu. Lójoojúmọ́, á wo fídíò lọ́sàn-án, á purọ́ nírọ̀lẹ́.

Abdulganiyy kò bò ó. "Wọlá, ẹrù onílé ló wà lórí rẹ yẹn. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ọrùn má bàa wọ́."

Lọ́jọ́ kan Tolúwalọpẹ́ sọ fún un pé Màmá kò jẹun dáadáa mọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé háàdì wá. Kò wọ sùtánà lọ sí ìsìn mọ́. Ẹ̀yìn ló ń jókòó sí pẹ̀lú aṣọ ilé, bí ẹni tó ṣẹ̀. Ó ń sọ pé ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí òun yóò sin Stephen, àti pé ọwọ́ ara òun ni òun fi sin ín lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ náà gún Ọláyíwọlá lọ́kàn. Ó ṣèlérí fún ara rẹ̀ pé ọ̀la ni. Ọ̀la náà sì tún di ọ̀la.

Òjò ló há wọn mọ́ ìsọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ tú. Wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun pẹ̀lú àgbọn, Tolúwalọpẹ́ ń kọrin lábẹ́ ètè, orin ìjọ kan náà, ó ṣì ń ṣì í kọ. Inú Ọláyíwọlá dùn débi pé kò ṣọ́ ẹnu mọ́.

"Àwẹ̀ró," ó wí, "mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá ọ sọ."

Ẹyin lohùn, ó ti bọ́ sílẹ̀. Tolúwalọpẹ́ gbé àgbàdo rẹ̀ kalẹ̀. Oríkì tí ìyá bàbá rẹ̀ fún un ní Ìkìrun nìyẹn, ìyá náà sì ti di ará ọ̀run. Níbi iṣẹ́, Tolú ni. Nílé, Ìyá Ayọ̀ ni. Lẹ́yìn ìyá àgbà, ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè é ní Àwẹ̀ró.

"Ta ló sọ orúkọ yẹn fún ọ?"

Ọláyíwọlá wo ilẹ̀. Ó sọ òótọ́, kò yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀: pé háàdì ti jí, pé òun ti wo inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀, àti pé òun kò fẹ́ kó dẹ́kun wíwá ni òun kò fi sọ.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ."

Kò pariwo. Ì bá sàn fún Ọláyíwọlá ká ní ó pariwo. "Màmá ń gbààwẹ̀, ìwọ sì ń wo fídíò," ó wí. "O purọ́ kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí Màmá lo ṣe purọ́ ọ̀hún, mo sì fẹ́ràn rẹ fún un. Èyí tí o tún pa yìí, nítorí ara rẹ ni."

Ó ní kó gbé e wá. Ó fi ọ̀rá wé háàdì méjèèjì, ti àtijọ́ àti ti tuntun, ó kì wọ́n sínú báàgì, ó sì bọ́ sínú òjò.

Láti ọjọ́ náà, Ìyànà Ìpájà ló ń gbà lọ sílé, kó má baà kọjá ní Ìkòtún. Ọláyíwọlá pè é títí, kò gbé e. Ó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́. Tolúwalọpẹ́ kà á, kò fèsì. Iṣẹ́ ń wọlé, ó ń ṣe é, ṣùgbọ́n bí obìnrin kan bá fara hàn lókèèrè nínú aṣọ funfun, á sọ irinṣẹ́ kalẹ̀, á na ọrùn wò ó. Ó dùn ún pé ó pàdánù rẹ̀. Nígbà tó wá ronú délẹ̀, ó rí i pé ohun kan wà tó ń dùn ún ju ìyẹn lọ: ìyá arúgbó kan ló fi ebi pa láìṣẹ̀. Tolúwalọpẹ́ ló ń bẹ̀ láti ọjọ́ yìí, kò tíì bẹ ẹni tó ṣẹ̀ gan-an.

Ó lọ sí Ìgàndó lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Kó tó kan ilẹ̀kùn ló ti gbọ́ ohùn náà lójú fèrèsé, ohùn ńlá tí kì í kánjú, ó ń sọ fún Màmá pé kó dín ata kù. Ayọ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó di páálí mílíìkì kan mú síwájú ojú bíi kámẹ́rà. "Ẹ wo ibí," ó pàṣẹ fún àlejò náà, "ẹ rẹ́rìn-ín."

Màmá pa kọ̀ǹpútà lẹ́nu mọ́. Ọláyíwọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì dìde nígbà tí wọ́n ní kó dìde. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ilẹ̀. Ó ní ohùn ọmọ wọn ti wà lọ́wọ́ òun ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sunkún rẹ̀, àti pé òun mọ̀ pé wọ́n ń gbààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ wáyà nìkan ni kò sọ. Ìyẹn yóò bá a dé sàréè.

Màmá fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Nínú gbogbo ohun tí o wò yẹn," ó bi í, "kí lo rí?"

"Mo rí bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ènìyàn, mà. Ọmọ yín kì í ká ọ̀rọ̀ mọ́ ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu. Bí ìyẹn bá ń bínú, á dúró títí yóò fi bínú tán, kò ní gbé kámẹ́rà kúrò. Èmi kò mọ̀ ọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kọ́ ọ ni."

Omi bọ́ lójú ìyá náà. Ó jẹ́ kó máa bọ́.

"Dìde, ọmọ mi. Ìwọ dá ohùn dúró fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, o wá ń bẹ̀bẹ̀ fún un nílẹ̀. Ta ni yóò wá bá èmi bẹ̀bẹ̀ fún èyí tí mo dá dúró? Láti ọjọ́ tí Stephen ti lọ, ọkùnrin tó bá fẹ́ bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, èmi ni mò ń lé e. Mò ń sọ fún wọn pé ó ní ọkọ, bí ẹni pé ọmọ mi rìnrìn àjò. Ìyá Ayọ̀ náà gbà á mọ́ra kó má baà dùn mí. Ní báyìí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó tù mí lára. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè é, kì í dá mi lóhùn."

Ìgbà náà ni Ọláyíwọlá rí i pé Tolúwalọpẹ́ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí bí kò ṣe ní gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kó tẹ̀ lé òun jáde sí àgbàlá.

"Inú ṣì ń bí mi sí ọ," ó wí.

"Mo mọ̀."

"Ó máa pẹ́ kó tó tán."

"N ó dúró."

"Ṣebí ìdúró lo mọ̀ ọ́n ṣe jàre, o ti dúró ti nǹkan onínǹkan rí." Ó fẹ́ bojú jẹ́, ẹ̀rín sì yọ. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ tirẹ̀ tutù látinú omi abọ́ tó ń fọ̀. "Má tún fi nǹkan kan pamọ́ fún mi mọ́, Wọlá. Bó ṣe wù kó rí."

Ó ṣèlérí. Ó pẹ́ lóòótọ́ kí inú rẹ̀ tó rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà Ìkòtún ló tún ń gbà lọ sílé.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn ẹbí Ọláyíwọlá wá láti Ìkẹ́rẹ́ láti mọ àwọn ará ìyàwó. Kò sí àríyá, pálọ̀ Màmá náà ni. Àwọn òbí Tolúwalọpẹ́ ti kú, àbúrò bàbá rẹ̀ ló wá láti Ìkìrun, ó jókòó sípò bàbá. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni Màmá Matilda jókòó sí, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó gbé Ayọ̀ lé ẹsẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n rò pé ó wá wò wọ́n lásán ni, pé ọkàn rẹ̀ kò ní lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá Ọláyíwọlá kò mọ ìtàn ilé náà délẹ̀. Ó kí wọn, ó ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà wọn, ó wá wo àga òfìfo náà.

"Ìyá ìyàwó ńkọ́?" ó bi wọ́n. "A kì í tọrọ ọmọ lọ́wọ́ àga."

Tolúwalọpẹ́ tẹrí ba. Màmá Matilda gbé Ayọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó di orúnkún mú, ó dìde. Ó la àárín wọn kọjá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó jókòó sórí àga náà, ó sì na ẹ̀yìn.

"Èmi rèé," ó wí. "Ọmọ mi ni. Ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, kí n gbọ́."